Bí A Ṣe Ya Àwòrán Ilẹ̀ Jàpáànì

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, tí ó sì gbé ojú lọ sí ìhà ìlà oòrùn Éṣíà, yóò rí ọ̀wọ́ àwọn erékùṣù kan tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun láàárín òkun. Ilẹ̀ Jàpáànì nìyẹn. Erékùṣù ńlá mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ni Hokkaido, Honshu, Shikoku àti Kyushu. Àwọn kéékèèké tí ó yí wọn ká kò sì níye. Ojú wa ti mọ́ àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í bi ara wa léèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé bí ilẹ̀ náà ti rí nìyẹn? Ẹni tí ó bá dúró ní etí òkun kò lè rí ju ibi tí agbára ojú rẹ̀ mọ. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé ayé, kò sí ẹni tí ó lè gòkè lọ wo ilẹ̀ Jàpáànì láti òkè kí ó wá ròyìn fún wa. Ó di dandan kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ohun méjì ni mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí. Èkínní ni pé kí n ṣe àlàyé bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ya àwòrán ilẹ̀ wọn láti ìgbà láéláé títí di òní. Èkejì ni pé kí n fi ohun kan hàn tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ìwé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ronú sí. Ìjọba tí ó ni àwòrán tí ó dára jù lọ nínú wọn kà á sí àṣírí, ó sì dá ẹni tí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ lẹ́jọ́ ikú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná jó èyí tí ìjọba fi pamọ́, àwọn ẹ̀dà tí ó ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó gba iṣẹ́ náà là.

Àwọn Àwòrán Ìgbà Àtijọ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ Jàpáànì ti mọ̀ pé ẹni tí yóò gba ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, wọ́n ti ń ya àwòrán oko ìrẹsì sí orí aṣọ. Díẹ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ṣì wà ní ilé ìṣúra Shosoin ní ìlú Nara. Ṣùgbọ́n àwòrán oko ni wọ́n, wọn kì í ṣe àwòrán gbogbo ilẹ̀.

Irú àwòrán gbogbo ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni èyí tí a ń fi orúkọ Gyoki pè. Àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ni Gyoki. Ó gbé ayé láti ọdún 668 títí di ọdún 749, ó sì máa ń rìn káàkiri, tí ó ń kọ́ afárá, tí ó sì ń gbẹ́ adágún omi fún àwọn àgbẹ̀. Kò sí àwòrán kan tí ó ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wá tí ó kù láyé. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn fi bu iyì kún iṣẹ́ tiwọn. Èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ nínú irú àwòrán náà ni a yà ní ọdún 1305, ó sì wà ní tẹ́ńpìlì Ninna-ji ní ìlú Kyoto. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí róbótó, wọ́n sì to ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀nà tóóró sì so wọ́n pọ̀ títí dé olú ìlú.

Ẹni tí ó bá fi ojú òní wò ó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò jọ ilẹ̀ náà rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kánjú. Kì í ṣe nítorí kí a lè mọ bí ilẹ̀ ti gùn tó ni wọ́n ṣe yà á. Wọ́n yà á kí a lè mọ ìpínlẹ̀ tí ó múlé ti ìpínlẹ̀, àti ọ̀nà tí a ó gbà dé ọ̀dọ̀ ọba. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwòrán náà, ó dá wọn lóhùn rẹ̀.

Ní ọdún 1603, ìdílé Tokugawa gba agbára. Olórí wọn ni a ń pè ní Ṣógùn, èyíinì ni balógun tí ó ń ṣe ìjọba ní orúkọ ọba. Edo ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, èyí tí ó di Tókíò lẹ́yìn náà. (Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ó bá Ẹdó ti Ìbíní tan, orúkọ ni ó kàn jọra.) Ìjọba yìí pàṣẹ ní ìgbà mélòó kan pé kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí ó sì fi ránṣẹ́. Ti ọdún 1644 àti ti ọdún 1697 wà nínú wọn. Àwọn àwòrán náà tóbi, wọ́n sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ so wọ́n pọ̀, etí kan kì í bá etí kejì mu. Ó dà bí ìgbà tí aránṣọ mẹ́wàá gé aṣọ kan ṣoṣo láìfi ọ̀pá ìwọ̀n kan náà wọn ọ́n.

Ní ọdún 1779, ọ̀mọ̀wé kan tí a bí sí ìdílé àgbẹ̀, Nagakubo Sekisui, parí àwòrán gbogbo ilẹ̀ tí ó fa ìlà sí láti àríwá dé gúúsù àti láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Kò fi okùn wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kó ìwé jọ, ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn arìnrìn-àjò lẹ́nu wò, ó sì fi èyí ṣe àtúnṣe ìyẹn fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. A tẹ àwòrán rẹ̀, a tà á lọ́jà, a sì tún un tẹ̀ léraléra. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn nítorí ohun tí ó ń bọ̀ níwájú: àwòrán yìí kò péye tó èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará ìlú tó o.

Olówò Tí Ó Padà Sí Ilé Ìwé

Wàyí o, a kan ẹni tí ìtàn yìí dá lé. Ino Tadataka ni orúkọ rẹ̀. Ní Jàpáànì, orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú. Ní ọdún 1745 ni a bí i sí abúlé kan ní etí òkun ní ìlà oòrùn Edo. Ní ọdún 1762, ìdílé Ino ní ìlú Sawara fi ọmọbìnrin wọn fún un, wọ́n sì gbà á wọlé bí ọmọ, ó sì ń jẹ́ orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Ìdílé náà ń pọn ọtí ìrẹsì, wọ́n sì ń ṣòwò ìrẹsì. Òwò wọn ti ń jó rẹ̀yìn kí Ino tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti padà gbérí. Nígbà tí ìyàn ńlá mú lẹ́yìn ọdún 1783, ó pín oúnjẹ fún àwọn ará ìlú rẹ̀.

Nígbà tí ó sún mọ́ ẹni 50 ọdún, ó fa òwò lé ọmọ lọ́wọ́. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì lówó, ìsinmi ni ó kàn án. Ino kò sinmi. Ní ọdún 1795, ó kó lọ sí Edo, ó sì lọ di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Takahashi Yoshitoki, onímọ̀ ìràwọ̀ tí ìjọba pè wá láti tún kàlẹ́ńdà ṣe. Ọmọ ọdún 31 ni olùkọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ fi ọdún 19 ju olùkọ́ lọ. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ino kò ka ọjọ́ orí sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìmọ̀ níbi tí ó gbé bá a.

Ìbéèrè kan ń jẹ Takahashi lọ́kàn: báwo ni ayé ti tóbi tó? Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò lè ṣe ìṣirò kàlẹ́ńdà kí ó péye. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n nìyí. Ayé rí róbótó, a sì pín àyíká rẹ̀ sí ọ̀nà 360. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní dígírì. Bí ènìyàn bá ń rìn lọ tààrà sí àríwá, ìràwọ̀ tí ó dúró sí àríwá yóò máa ga sí i lójú ọ̀run. Bí ìràwọ̀ náà bá fi dígírì kan ga ju ti ibi tí ó ti gbéra lọ, dígírì kan ni ó ti rìn lórí ilẹ̀. Bí ó bá wá mọ iye ìrìn tí ó rìn, tí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 360, ó ti mọ àyíká ayé nìyẹn.

Ino gbọ́ èyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìgbésẹ̀ láti ilé rẹ̀ ní Fukagawa títí dé ilé tí ìjọba kọ́ fún wíwo ìràwọ̀ ní Asakusa, nínú ìlú Edo kan náà. Ó mú ìṣirò rẹ̀ lọ fún olùkọ́. Olùkọ́ ní ibẹ̀ ti súnmọ́ra jù: àṣìṣe kékeré lórí ọ̀nà kúkúrú yóò di àṣìṣe ńlá nígbà tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po. Ó ní kí ó rìn jìnnà, àní títí dé Ezo, èyí tí à ń pè ní Hokkaido lónìí.

Ezo kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1792 ni ọkọ̀ òkun Rọ́ṣíà ti wá sí ìhà ibẹ̀, ọkàn ìjọba kò sì balẹ̀. Bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí ọ̀nà nìyẹn: wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí Ino lọ ya àwòrán etí òkun ibẹ̀. Ìjọba gbà, ṣùgbọ́n owó díẹ̀ ni ó yọ sílẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìrìn-àjò náà, láti àpò Ino ni ó ti jáde. Ní ọdún 1800, ó gbéra. Ọmọ ọdún 55 ni nígbà náà.

Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbà Wọn Ilẹ̀

Ní ìrìn-àjò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni ọ̀pá ìwọ̀n wọn. Ino ti kọ́ ara rẹ̀ kí ìgbésẹ̀ rẹ̀ má ṣe gùn ju ara wọn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 69 sẹ̀ǹtímítà. Ọjọ́ 180 ni wọ́n lò, wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti ìrìn-àjò kejì, okùn ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lo ẹ̀wọ̀n irin.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ kò ṣòro láti yé ni. Níbikíbi tí etí òkun bá ti yà, wọn a ri ọ̀pá mọ́lẹ̀. Wọn a wọn ìwọ̀n tí ó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, wọn a sì fi kọ́ńpáàsì, irinṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń kọjú sí àríwá, wo ibi tí ìlà náà dorí kọ. Níbi tí ilẹ̀ bá gbé jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn a wọn bí ó ti dagun tó, kí wọ́n má ba à fi gígùn òkè pe gígùn ilẹ̀. Nítorí pé irin a máa fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, wọ́n ń sọ pé ọparun ni ojú idà tí Ino so mọ́ ìdí.

Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ènìyàn ṣọ́ra tó, àṣìṣe kéékèèké a máa para pọ̀. Ohun méjì ni wọ́n fi ń bá a wí. Ní ọ̀sán, wọn a wo ṣóńṣó òkè ńlá kan, bí òkè Fuji, láti ibi púpọ̀, wọn a sì kọ ìhà tí ó wà sí sílẹ̀. Bí ìlà gbogbo bá pàdé ní ojú kan ṣoṣo lórí pépà, iṣẹ́ wọn tọ́. Bí wọn kò bá pàdé, ẹnì kan ti ṣì í kà. Ní òru, nígbà tí ó yẹ kí àwọn tí ó ti rìn láti òwúrọ̀ sùn, wọn a gbé irinṣẹ́ síta, wọn a sì máa wọn gíga ìràwọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ìkùukùu kò bá ti bo ojú ọ̀run.

Láàárín ọdún díẹ̀, Ino dá ìbéèrè olùkọ́ rẹ̀ lóhùn: dígírì kan jẹ́ 28.2 ri ní ìwọ̀n Jàpáànì, èyí tí ó tó 110.75 kìlómítà. Ohun tí ayé mọ̀ lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí i. Takahashi ṣiyèméjì díẹ̀ ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìwé onímọ̀ ìràwọ̀ Faransé kan, Lalande, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní èdè Hólándì, ó sì rí i pé ìṣirò méjèèjì bára mu. Ní ọdún 1804, Takahashi kú. Kò tíì pé ẹni 40 ọdún. Ọmọ rẹ̀ Takahashi Kageyasu ni ó gba ipò rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, a gbé àwòrán ìlà oòrùn Jàpáànì dé iwájú Ṣógùn. Ìjọba rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Láti ọdún 1805, owó ìjọba ni a fi ń ṣe ìrìn-àjò ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ìrìn-àjò mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ láti ọdún 1800 títí di ọdún 1816, èyí tí Ino fúnra rẹ̀ sì rìn tó nǹkan bí 35,000 kìlómítà. Ní ọdún 1818, ó kú ní ẹni ọdún 73, nígbà tí yíyà àwòrán náà kò tíì parí. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kò kéde ikú rẹ̀, bí ìgbà tí ọba bá wàjà. Wọ́n tẹ̀ síwájú ní orúkọ rẹ̀, lábẹ́ Kageyasu, títí di ọdún 1821 tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ìjọba lọ́wọ́, kí wọ́n tó sọ pé bàbá ti lọ. Ibojì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùkọ́ rẹ̀ ní Tókíò. Ohun tí ó béèrè kí ó tó kú nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà ya àwòrán náà. Èyí tí ó tóbi jù jẹ́ tákàdá 214, ìwọ̀n 1 lórí rẹ̀ dúró fún 36,000 lórí ilẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ tákàdá 8, èyí tí ó kéré jù sì jẹ́ 3. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò ṣàkíyèsí ohun kan: etí òkun àti ojú ọ̀nà kún fún orúkọ abúlé àti odò, ṣùgbọ́n àárín ilẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé, wọ́n fi í sílẹ̀ ní òfìfo. Wọn kò fi àròsọ dí i. Ìhà kan ní Ezo tí Ino kò dé, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kún un, Mamiya Rinzo, ẹni tí ó fi hàn ní ọdún 1809 pé erékùṣù ni Sakhalin í ṣe. Àbùkù kan ni ó wà níbẹ̀: ìwọ̀n àríwá sí gúúsù dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn yẹ̀ díẹ̀ ní Hokkaido àti ní Kyushu, nítorí pé aago tí ó péye ni a fi í wọn ìyẹn, wọn kò sì ní in.

Bí wọ́n ṣe ń dà á kọ yẹ fún ìrántí pẹ̀lú. Wọn a tẹ́ pépà titun sí abẹ́ èyí tí a ti yà, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo ojú ibi tí a ri ọ̀pá mọ́. Ihò yóò là já sí pépà ìsàlẹ̀, wọn a wá fi ìlà so ihò mọ́ ihò. Ihò abẹ́rẹ́ wọ̀nyí wà lára àwọn ẹ̀dà tí ó kù títí di òní.

Àṣírí Ìjọba

Láti àwọn ọdún 1630 ni Jàpáànì ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjèjì. Nínú gbogbo àwọn ará Yúróòpù, àwọn ará Hólándì nìkan ni ó lè ṣòwò níbẹ̀, ní Dejima, erékùṣù kékeré kan nínú èbúté Nagasaki. Ní ojú irú ìjọba bẹ́ẹ̀, àwòrán etí òkun tí ó péye jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Nítorí náà wọ́n kó iṣẹ́ Ino pamọ́ sí ààfin. Ará ìlú ń ra ti Sekisui lọ́jà. Ti Ino wà nínú àpótí.

Ní ọdún 1823, dókítà ará Jámánì kan, Philipp Franz von Siebold, dé Dejima láti ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Hólándì. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànì ní ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì ń kó ohun gbogbo jọ nípa ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1826, ó bá àwọn aṣojú Hólándì lọ sí Edo, níbẹ̀ ni òun àti Kageyasu ti pàdé. Siebold ní ìwé ìrìn-àjò yíká ayé tí Krusenstern ará Rọ́ṣíà kọ, Kageyasu sì ń wá ìwé náà kíkankíkan nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nípa àwọn ilẹ̀ àríwá. Ohun tí Siebold ń fẹ́ ni ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Ní ọdún 1828, ọ̀rọ̀ náà tú. Siebold fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí Mamiya Rinzo. Mamiya kò tú u, ó gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Wọ́n mú Kageyasu, ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1829. Ikú rẹ̀ kò parí ẹjọ́ náà. Wọ́n fi iyọ̀ pa òkú rẹ̀ mọ́ kí ó má ba à bàjẹ́, títí ìjọba fi dá a lẹ́jọ́ ikú ní ọdún 1830. Wọ́n lé Siebold jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀dà bá a dé Yúróòpù, ó sì tẹ àwòrán Jàpáànì jáde ní ọdún 1840.

Ǹjẹ́ Kageyasu ṣe ọ̀dàlẹ̀ bí? Ní ojú òfin ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí irú ẹni tí í ṣe. Òun ni olórí ilé ìwo-ìràwọ̀, òun ni a fi ṣe olùtọ́jú ilé ìkàwé Ṣógùn, òun ni ó parí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò ta àwòrán náà gba owó. Ìwé ni ó fi gbà. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà pọ̀ sí i ju kí a fi tiwa ṣe pàṣípààrọ̀ tẹlòmíràn lọ. Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Àṣírí náà kò sì pẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ti fi tipátipá ṣí ilẹ̀kùn Jàpáànì láàárín ọdún 1853 àti 1854, ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan, Actaeon, wá láti wọn etí òkun ibẹ̀ ní ọdún 1861. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀dà iṣẹ́ Ino lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Jàpáànì, ó yà wọ́n lẹ́nu bí ó ti péye tó. Wọ́n pa ètò wíwọn gbogbo etí òkun tì, wọ́n sì lo èyí tí Ino ti fi ẹsẹ̀ rìn. Àjèjì tí a ń fi pamọ́ fún wá di ẹlẹ́rìí iṣẹ́ náà.

Ilé Ọba Tí Ó Jó

Ní ọdún 1868, ìjọba àwọn Ṣógùn ti parí, ọba sì kó wá sí Edo, orúkọ rẹ̀ di Tókíò. Àwọn tákàdá tí a fi lé ìjọba lọ́wọ́ ní ọdún 1821 wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba titun. Ní ọdún 1873, iná jó ààfin náà. Gbogbo wọn ni ó jóná.

Òwe wa ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nítòótọ́, a lè tún ilé kọ́ kí ó lẹ́wà ju ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó rìn fún ọdún 17 ti di erùpẹ̀. Ta ni yóò tún un rìn? Ìdílé Ino ní Sawara ni ó dá ìjọba lóhùn. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi lé ìjọba lọ́wọ́ ní ọdún 1874. Èyí wúlò púpọ̀: àwọn ọmọ ogun dà á kọ, wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba titun yà kí wọ́n tó fi ọ̀nà òde òní wọn gbogbo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, a kó ẹ̀dà ìdílé náà sí ilé ìkàwé Yunifásítì ti Tókíò. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì ní Tókíò, iná sì ṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ohun tí ó lé ní 100,000 ènìyàn kú. Ilé ìkàwé náà jóná, ẹ̀dà Ino sì wà nínú rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀ nínú tákàdá 214 nìkan ni a mọ ibi tí ẹ̀dà wọn wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, a rí ẹ̀dà tí ó lé ní 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ni ó dà wọ́n kọ ní àkókò tí mo sọ yẹn. Láàárín ọdún díẹ̀, a rí ẹ̀dà àwọn tí ó kù níbòmíràn, odindi iṣẹ́ náà sì tún padà pé. Ní ọdún 2010, ìjọba Jàpáànì ka àwọn ìwé àti irinṣẹ́ Ino tí ó wà ní Sawara mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Èyí tí a fi sí ibi tí ó láàbò jù lọ ni ó kọ́kọ́ ṣègbé. Èyí tí ó kúrò ní ilé, tí ó sọdá òkun, ni ó kù.

Lónìí

Àwọn Jàpáànì òde òní ń fi ọkọ̀ òfuurufú àti sátẹ́láìtì ya àwòrán ilẹ̀ wọn, iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Ní ọdún 2002, wọ́n pa ìpìlẹ̀ ìṣirò àtijọ́ tì, wọ́n sì gba èyí tí gbogbo ayé ń lò. Nípa èyí, iye òòró àti ìbú tí a kọ fún agbègbè Tókíò fi nǹkan bí 450 mítà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé kankan kò ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n kéde pé erékùṣù 6,852 ni ó wà ní Jàpáànì. Ní ọdún 2023, wọ́n tún un kà pẹ̀lú àwòrán tí ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rí 14,125. Kì í ṣe pé òkun bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún erékùṣù láàárín ọdún 36. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tí ó ń wò wọ́n ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí i.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́ hàn kedere. Ino kọ́ wa pé kò sí ọjọ́ orí tí ó pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀, àti pé ibi tí a kò bá dé, kí a fi í sílẹ̀ ní òfìfo kí a má ṣe parọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Kageyasu ni èmi kò lè gbàgbé, ọkùnrin tí a fi iyọ̀ pa òkú rẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó wà nínú àpótí wa, tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí a dà á kọ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà. Iná kò mọ àṣírí, kò sì mọ ilé ọba.